Ta Ni A Ń Ṣe Iṣẹ́ Abẹ́ Táìlì Fún?

Ẹni tí ó gba owó iṣẹ́, tí ó sì mọ̀ pé ìdajì iṣẹ́ náà kò ní fojú kan oòrùn mọ́ láyé, ta ni ó ń ṣe ìdajì yẹn fún? Ìbéèrè yìí kì í ṣe ti àwọn ááfà àti pásítọ̀ nìkan. Onítáìlì ni mí ní Agége, ẹnu iṣẹ́ ni mo ti ń bá a pàdé. Bí mo bá kúnlẹ̀ lórí kọnkéré láàárọ̀, mo mọ̀ pé kí ó tó di ìrọ̀lẹ́, gbogbo ohun tí mo bá ṣe sí ìsàlẹ̀ ti di ohun ìkọ̀kọ̀. Ojú kankan kò ní rí i mọ́, àfi lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ti ilẹ̀ náà.

Láti Orílé Agége dé Ògbà, láti Agídíngbì dé Ọrẹ́gùn, títí kan àwọn ilé iṣẹ́ tí ó tò sí ẹ̀gbẹ́ títì Ọba Akran ní Ìkẹjà, èmi àti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ti tẹ́ táìlì sí ilé gbígbé, sí ṣọ́ọ̀bù, sí ọ́fíìsì, sí mọ́ṣáláṣí àti ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn tí ń rìn lórí rẹ̀ kì í mọ bí ohun tí ó wà lábẹ́ ti pọ̀ tó. Kọnkéré ni ó kọ́kọ́ wà, lẹ́yìn náà ni yanrìn àti sìmẹ́ńtì tí a fi ń tẹ́ ilẹ̀ kí ó lè dọ́gba. Nínú rẹ̀ ni páìpù wáyà iná ń gbà kọjá láti yàrá kan sí èkejì, páìpù omi náà sì ń gba ibẹ̀ lọ sí ilé ìdáná àti ilé ìwẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ibi tí omi ń dà sí ni, abẹ́ ni a ti ń ṣe ìdagẹ̀rẹ̀ rẹ̀, nítorí táìlì kò lè darí omi sí ibi tí ilẹ̀ kò bá tẹ̀ sí. Ní ilé àlùwàlá mọ́ṣáláṣí, bí ìdagẹ̀rẹ̀ náà bá yí díẹ̀ báyìí, omi yóò dúró síbi tí àwọn baba arúgbó ń gbé ẹsẹ̀ lé nígbà tí wọ́n bá ń bọ̀ wá kírun àsùbáà nínú òkùnkùn. Táìlì náà lè máa dán gbinrin. Ẹni tí ó bá yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀ kò ní mọ̀ pé abẹ́ ni ẹ̀ṣẹ̀ náà ti wá.

Ọ̀nà tí a fi ń rẹ́ onílé jẹ kò le rárá. Ó yẹ kí gọ́ọ̀mù tàbí sìmẹ́ńtì kún ẹ̀yìn táìlì láti etí dé etí. Ẹni tí ó bá ń kánjú, tàbí tí ó fẹ́ kó àpò sìmẹ́ńtì tí ó bá ṣẹ́kù lọ tà, yóò kàn fi ìṣù márùn-ún sí i, ọ̀kọ̀ọ̀kan sí igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ọ̀kan sí àárín, yóò sì fi òòlù onírọ́bà lù ú mọ́lẹ̀. Lójú, kò sí ìyàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ fi kọ́kọ́rọ́ kàn án, ẹ ó gbọ́ ọ: èyí tí ó kún yóò dún kì, èyí tí ó ṣófo yóò dún bí igbá òfìfo. Ó lè pẹ́ kí ó tó tú ara rẹ̀ fó. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbé ẹsẹ̀ fíríìjì lé igun tí kò sí nǹkan lábẹ́ rẹ̀, ó sán nìyẹn. Onílé yóò ní táìlì náà kò dára, yóò gbéra lọ bá ẹni tí ó tà á fún un jà ní ọjà Orílé. Ẹni yẹn kò sì mọwọ́ kò mẹsẹ̀.

Ilé búrẹ́dì ni ó kọ́ mi pé ilẹ̀ kì í sùn. Gbogbo ayé mọ búrẹ́dì Agége, àmọ́ àwọn tí ó mọ ilẹ̀ tí wọ́n ń dúró lé ṣe é kò pọ̀. Níwájú ààrò ńlá tí wọ́n ń dáná sí láti òru, ilẹ̀ a máa gbóná débi pé ẹsẹ̀ lásán kò lè pẹ́ lórí rẹ̀. Tí ó bá di ọ̀sán tí iná kú, a tún tutù. Bẹ́ẹ̀ ni lójoojúmọ́, ọdún dé ọdún. Ohun tí ó bá gbóná a máa gbòòrò. Lórí ilẹ̀ tí ó gùn tó mítà 10, bí ooru bá fi dígírì 20 lé sí i, táìlì yóò gùn sí i ní nǹkan bíi mílímítà kan sí ọ̀kan àti ààbọ̀. Ó kéré létí. Ṣùgbọ́n bí a bá ti táìlì mọ́ ògiri pinpin láìfi àyè sílẹ̀, kò sí ibi tí àfikún yẹn yóò gbà àfi òkè. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi máa ń gbọ́ tí ilẹ̀ pálọ̀ ń dún gbàù lóru, tí táìlì méjì á kọ orí sí ara wọn, tí wọn á gbé sókè. Àwọn kan a ní ẹ̀mí àìrí ni. Àyè tí ó yẹ kí a fi sílẹ̀ létí ògiri ni a kò fi sílẹ̀. Àyè yẹn náà kì í hàn, skẹ́tìn ni ó máa ń bò ó. Ẹni tí kò fi í sílẹ̀ àti ẹni tí ó fi í sílẹ̀, ìrísí kan náà ni iṣẹ́ wọn ní lọ́jọ́ tí wọ́n gba owó.

Àbúrò mi ọkùnrin ń ṣe iṣẹ́ yìí kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù. Thamesmead ni ó ń gbé, níbi tí àwọn Yorùbá pọ̀ sí. Lọ́hùn-ún, àwọn onílé ń fẹ́ kí iná wà lábẹ́ táìlì gan-an, nítorí òtútù. Nǹkan náà kì í ṣe tuntun láyé. Àwọn ará Róòmù àtijọ́ ti ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gbígbóná gba abẹ́ ilẹ̀ ilé ìwẹ̀ wọn kọjá, àwọn ará Kòríà náà sì ti ń ṣe irú rẹ̀ láti ayébáyé, ondol ni wọ́n ń pè é. Ní ti òde òní, wáyà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ni, tí wọ́n tò lọ tò bọ̀ sára àwọ̀n. Wọ́n á kọ́kọ́ tẹ́ pákó tí kì í jẹ́ kí ooru sá lọ sílẹ̀, wọ́n á tẹ́ wáyà lé e, wọ́n á fi gọ́ọ̀mù tí ó ṣeé tẹ̀ bò ó, táìlì á wá gorí gbogbo rẹ̀. Agbára rẹ̀ sábà máa ń tó wáàtì 150 lórí mítà kan níbùú lóròó. Wáyà yìí kò gbọ́dọ̀ gun ara rẹ̀, ẹnikẹ́ni kò sì gbọ́dọ̀ gé e kúrú. Bí etí trówẹ̀lì bá ha á, gbogbo ilẹ̀ náà yóò kọ̀, a ó sì fọ́ táìlì kí a tó rí ojú egbò náà.

Ẹ wá wo bí wọ́n ṣe ń ṣe é. Kí àbúrò mi tó tẹ́ wáyà náà, yóò fi mítà yẹ̀ ẹ́ wò, yóò fi iye ọ́ọ̀mù tí ó bá rí wé èyí tí ilé iṣẹ́ kọ sára rẹ̀. Tí ó bá tẹ́ ẹ tán, yóò tún yẹ̀ ẹ́ wò. Tí táìlì bá ti bò ó, yóò yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kẹta. Gbogbo iye náà ni yóò kọ sínú ìwé tí onílé yóò tọ́jú. Kí ó tó bò ó, yóò ya fọ́tò ọ̀nà tí wáyà gbà, kí ẹni tí ó bá fẹ́ lu ilẹ̀ náà lẹ́yìn ọ̀la lè mọ ibi tí kò gbọ́dọ̀ lù. Ohun kékeré tí ń sọ bí ilẹ̀ ṣe gbóná tó, inú páìpù ni wọ́n ń kì í bọ̀, kí ó lè ṣeé fà yọ láìfọ́ ilẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Bí iṣẹ́ bá sì parí, wọn kò ní tan iná náà fún bí ọ̀sẹ̀ kan tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, títí gọ́ọ̀mù yóò fi gan dáadáa.

Ó fi ọ̀kan nínú àwọn fọ́tò náà ránṣẹ́ sí mi lórí WhatsApp. Mo wò ó títí. Èmi kò fẹ́ iná lábẹ́ ilẹ̀ ní Agége, oòrùn tí a ní tó wa. Ohun tí ó mú mi lọ́kàn ni pé ẹnì kan jókòó, ó ro ti ẹlòmíràn tí kò tíì wá, tí wọ́n lè má tíì bí, ó sì ya fọ́tò fún un.

Mo fi han àwọn ọmọ iṣẹ́ mi. Èyí àgbà nínú wọn ní, "Ọ̀gá, òfin ló ń lé àwọn òyìnbó yẹn o. Tí kò bá sí òfin, bíi tiwa ni wọ́n máa ṣe é." Òótọ́ wà níbẹ̀. Láti ọdún 2005 ni òfin ilé kíkọ́ ní England ti gba iṣẹ́ iná inú ilé sábẹ́ àyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n ṣé àwa kò ní òfin ni? Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó ní àjọ LASBCA, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa wo ilé ní ìpele ìpele bí a ṣe ń kọ́ ọ. Ìjọba náà ní ilé àyẹ̀wò ohun ìkọ́lé tirẹ̀ pẹ̀lú. Síbẹ̀, ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá ọdún 2021, ilé alájà 21 tí wọ́n ń kọ́ lọ́wọ́ ní títì Gerrard ní Ìkòyí wó lulẹ̀, ó sì pa ènìyàn tí ó lé ní 40. Èmi kò wà níbẹ̀, n kò sì ní dá ẹnikẹ́ni lẹ́jọ́. Ohun tí iṣẹ́ ọwọ́ mi jẹ́ kí n mọ̀ ni pé agbára ilé kankan kì í wà níbi tí ojú ń wò. Irin inú kọnkéré ni, ìpìlẹ̀ inú ilẹ̀ ni, àwọn ohun tí a ti bò kí àlejò tó dé. Ìnspẹ́kítọ̀ á wá lọ́jọ́ kan, ṣùgbọ́n ojoojúmọ́ ni a ń bo nǹkan. Kò sí ìjọba tí ojú rẹ̀ tó gbogbo ọwọ́ tí ń bo nǹkan lójúmọ́ kan. Ibi tí ojú òfin bá ti parí, ìbéèrè mi ṣì dúró níbẹ̀.

Ẹlẹ́sìn yóò yára dáhùn pé Ọlọ́run ń wò ọ́. Mùsùlùmí ni mí, mo gbà bẹ́ẹ̀ tọkàntọkàn. Ṣùgbọ́n mo ti ro ó lọ, mo ti ro ó bọ̀, mo rí i pé ìdáhùn náà kò tíì dé òpin. Bí ó bá jẹ́ pé nítorí Ọlọ́run ń wò mí nìkan ni mo ṣe fi gọ́ọ̀mù kún ẹ̀yìn táìlì, a jẹ́ pé mo ti sọ Ọlọ́run di ìnspẹ́kítọ̀ tí kì í sùn, tí kò ṣeé fún ní rìbá. Onílé kò sí nínú irú èrò bẹ́ẹ̀. Ọmọ tí yóò rá kòrò lórí ilẹ̀ náà kò sí níbẹ̀. Èmi àti ìyà tí mo ń sá fún ni a dá wà.

Àwọn ááfà wa a máa sọ ìtàn àdíìsì kan tí Màláíkà Jíbírílù ti wá bá Ànábì, tí ó bi í léèrè ohun tí Ìsìláámù jẹ́, ohun tí ìmáànì jẹ́, lẹ́yìn náà ohun tí ìhísáànì jẹ́. Lórí ìkẹta yìí, apá méjì ni ìdáhùn Ànábì ní. Èkíní ni pé kí ìránṣẹ́ máa sin Olúwa rẹ̀ bí ẹni tí ó ń fojú rí I. Èkejì ni pé bí ojú tirẹ̀ kò bá ká a, kí ó mọ̀ pé Olúwa ń rí òun. Èkejì ni ọ̀pọ̀ wa dì mú, tí a kọ sára mọ́tò, tí a fi ń dẹ́rù ba ọmọ. Ṣùgbọ́n èkíní ni ó ṣáájú, òun ni ó sì ga jù. Rírí ni ó kọ́kọ́ wá, kí á tó dé orí pé a ń wo ènìyàn.

Báwo ni onítáìlì ṣe lè rí Olúwa lórí eékún rẹ̀, láàárín erùpẹ̀ àti omi sìmẹ́ńtì? Ohun tí mo rí nìyí, òun ni mo ní láti sọ. Àwọn tí mo ń ṣiṣẹ́ fún kò rí abẹ́ táìlì mi. Èmi náà kò rí wọn. Ẹni tí ó san owó fún mi, mo mọ̀ ọ́n lójú. Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ tí yóò wá láti oko lọ́dún mẹ́ta sí i, tí yóò dìde lóru lọ sí ilé ìtọ̀, n kò mọ̀ ọ́n. N kò mọ ayálégbé tí yóò kó wọlé bí onílé bá kú. N kò mọ ọ̀dọ́mọkùnrin pọ́ńbà tí yóò kan ṣísẹ́ẹ̀lì mọ́ ilẹ̀ níbi tí páìpù wáyà iná gbà kọjá. Wọn kò rí iṣẹ́ mi, n kò rí ojú wọn, táìlì ni ó wà láàárín wa. Ẹnì kan ṣoṣo ni ó rí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì, Òun ni ó sì fi wọ́n sọ́wọ́ mi. Iṣẹ́ tí ẹnikẹ́ni kò ní rí, àwọn tí a kò ní rí ni a ń ṣe é fún. Àmánà tí Ọlọ́run gbé sáàárín àwọn tí kò mọ ara wọn ni. Bí mo bá fi ojú inú rí ìyá arúgbó yẹn bí mo ṣe ń fi trówẹ̀lì tẹ́ gọ́ọ̀mù, mo gbà pé ibẹ̀ ni ìhísáànì ti bẹ̀rẹ̀ fún ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ ilẹ̀ títẹ́.

Kí Àlùkùránì àti Bíbélì tó dé ọ̀dọ̀ wa ni àwọn baba wa ti mọ èyí. Ilé-Ifẹ̀ ni ẹ̀rí rẹ̀ wà. Ìtàn ìlú náà sọ pé Ọọ̀ni Lúwoo, obìnrin tí ó jọba, ni ó pàṣẹ pé kí wọ́n fi àpáàdì tẹ́ ojú ọ̀nà àti àgbàlá. Àwọn awalẹ̀pìtàn ti kàn án lọ́pọ̀ ibi. Frank Willett rí i ní Ìta Yemòó, níbi tí ó ti bẹ̀rẹ̀ sí walẹ̀ ní 1957, Peter Garlake sì rí i ní ilẹ̀ Ọbalárá ní 1971 sí 1972. Irú rẹ̀ wà títí dé ilẹ̀ Benin àti Togo. Ọ̀pọ̀ ọgọ́rùn-ún ọdún ti gorí rẹ̀. Onítáìlì tí ó bá wò ó yóò rí ohun kan tí àlejò lè má kíyè sí: wọn kò tẹ́ àpáàdì náà sílẹ̀ pẹrẹsẹ. Etí ni wọ́n fi nà án ró, ọ̀kan ti èkejì, ìlà wọn sì ń kọ ojú síra ní ọ̀nà tí ó wu ojú. Bí wọ́n bá tẹ́ ẹ pẹrẹsẹ ni, àpáàdì díẹ̀ ni ì bá kún àgbàlá ńlá, iṣẹ́ ì bá sì yá. Nínínà tí wọ́n nà án ró yìí, etí tẹ́ẹ́rẹ́ nìkan ni ojú ń rí, èyí tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ wà nínú ilẹ̀. Ìdí nìyẹn tí òjò àti ẹsẹ̀ ènìyàn kò fi hú u. Orúkọ ẹni tí ó tò ó ti parẹ́. Àwọn tí ó ń rìn lórí rẹ̀ nígbà náà kò lè ka iye tí ó wọ inú ilẹ̀. Síbẹ̀ ó fi èyí tí ó pọ̀ sí ibi tí ìyìn kò lè dé.

Àwọn baba wa yìí náà ni wọ́n sọ pé ẹni tó bá dalẹ̀ á bá ilẹ̀ lọ. Ilẹ̀ ni wọ́n fi ń búra, ilẹ̀ ni ẹlẹ́rìí wọn. Mo máa ń ronú sí i pé iṣẹ́ tèmi, ojú ẹlẹ́rìí yẹn gan-an ni mo ti ń ṣe é.

Owó ńkọ́? Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti le nìyí, n kò sì ní fò ó. Onílé á ná owó iṣẹ́ títí yóò fi ku ìdajì. Sìmẹ́ńtì ń wọ́n sí i, ọmọ iṣẹ́ ń fẹ́ jẹun, owó ilé ìwé ń dúró. Ọ̀pọ̀ onítáìlì á wá sọ nínú ọkàn rẹ̀ pé bí ó ti san án ni n ó ṣe ṣe é, yóò sì yọ àdínkù náà lábẹ́. Nínú Àlùkùránì, Súúrà kẹtàlélọ́gọ́rin, tí wọ́n ń pè ní Al-Mutaffifin, orí àwọn tí ń gba òṣùwọ̀n kíkún tí wọ́n sì ń wọn àdínkù fún ẹlòmíràn ni ó ti bẹ̀rẹ̀. Bí mo bá gbọ́ ọ, mo ń rí ènìyàn méjì níbẹ̀. Onílé tí ó fẹ́ iṣẹ́ kíkún fún ààbọ̀ owó wà níbẹ̀. Onítáìlì tí ó gba owó iṣẹ́ kíkún lẹ́nu, tí ó fi ààbọ̀ sílẹ̀ lọ́wọ́, wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ̀bi èkíní kò sọ ti èkejì di ẹ̀tọ́.

Ohun tí ó tọ́ lójú mi ni pé bí a óò bá yọ nǹkan, kí á yọ ọ́ níṣojú onílé. Ẹ jẹ́ kí á ra táìlì tí owó rẹ̀ kéré. Ẹ jẹ́ kí á tẹ́ pálọ̀ nísinsìnyí, kí yàrá dúró di ìgbà tí owó bá wà. Ẹ jẹ́ kí á fi ojú kọnkéré sílẹ̀ ní bákonì. Gbogbo èyí ni onílé lè rí, ó lè gbà, ó lè kọ̀. Ṣùgbọ́n gọ́ọ̀mù ẹ̀yìn táìlì, àyè etí ògiri, ìdagẹ̀rẹ̀ ilé àlùwàlá, a kì í bá ẹnikẹ́ni dúnàá-dúrà lórí wọn, nítorí ẹni tí yóò san gbèsè rẹ̀ kò sí níbi tí a ti ń dúnàá-dúrà. Bí owó náà kò bá gbé e, kí á dá iṣẹ́ náà padà pẹ̀lú ọ̀wọ̀. Ó dùn mí láti dá iṣẹ́ padà, ilé ń retí. Síbẹ̀, ebi tí ó wà nílé mi kò fún mi ní àṣẹ lórí ẹsẹ̀ ìyá onílé.

Nítorí náà ni mo ṣe ń bẹ àwọn ẹlẹgbẹ́ mi láti Agége dé Ìkẹjà: kí táìlì tó bo ohunkóhun, ẹ pe onílé kí ó wá wò ó. Ẹ wọn bí páìpù iná àti páìpù omi ṣe jìnnà sí ògiri tó, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, ẹ fi ránṣẹ́ sí i. Tí ẹ bá parí, ẹ kan táìlì kọ̀ọ̀kan níṣojú rẹ̀ kí ó fi etí ara rẹ̀ gbọ́. Mo sì ń bẹ ẹ̀yin onílé: ẹ wá lọ́jọ́ tí ilẹ̀ ṣì wà ní ìhòòhò, ẹ má dúró di ọjọ́ tí ó bá ń dán. Ẹ bi wá léèrè ohun tí ó wà lábẹ́, kí ẹ sì san owó rẹ̀. Ẹ̀yin ìmáàmù àti pásítọ̀ tí ẹ ń kọ́ ilé Ọlọ́run lójoojúmọ́ ní àdúgbò wa, ẹ fi ọ̀rọ̀ yìí sínú wáàsí, nítorí ìwà ni ẹ̀sìn, abẹ́ ilẹ̀ sì wà lára ibi tí ìwà ń gbé.

Ní ti àwọn ọmọ iṣẹ́ mi, lọ́jọ́ tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn bá ń gba fìrídọ́ọ̀mù, tí a bá ṣe àdúrà owó, àdúrà ọmọ àti àdúrà ẹ̀mí gígùn tán, mo máa ń fi ọ̀kan kún un: kí Ọlọ́run jẹ́ kí ó lè tẹ́ ilẹ̀ fún ẹni tí kò ní mọ orúkọ rẹ̀ láéláé, kí ó sì tẹ́ ẹ gẹ́gẹ́ bí ì bá ṣe tẹ́ ẹ ká ní ó mọ orúkọ ẹni náà.